Lẹ́yìn Ọjọ́ Kẹjọ: Oyún, Ọmọ Tuntun àti Eré Apanilẹ́rìn-ín Orí Tẹlifíṣọ̀n

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a kọ fún ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, Òkè-Àgbè, Àkókó

    

Nígbà tí ìgbìmọ̀ yín kọ̀wé sí mi, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n àti ìdílé. Ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ ju ohun tí ènìyàn lè tú palẹ̀ lọ́sàn-án kan. Mo wá mú ibi tó ká mi lára jù níbẹ̀: eré apanilẹ́rìn-ín tó máa ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àti ohun tó ń sọ, tàbí tí kò sọ, nípa tọkọtaya tó ń retí ọmọ àti àwọn tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá. Kókó ọ̀rọ̀ mi nìyí. Àwọn tó ń pinnu bóyá aboyún yóò tètè dé ilé ìwòsàn kì í sí níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń kọ́ aboyún lẹ́kọ̀ọ́. Iwájú tẹlifíṣọ̀n la ti ń bá wọn. Eré tó bá lè pa wọ́n lẹ́rìn-ín lè kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n eré tiwa máa ń kógbá wọlé lọ́jọ́ kẹjọ, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, nígbà tí iṣẹ́ òbí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí oyún kọ́kọ́ wọ inú eré

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo òkèèrè. Ní Amẹ́ríkà, eré apanilẹ́rìn-ín kan wà tó ń jẹ́ I Love Lucy. Lucille Ball àti Desi Arnaz ló ń ṣe tọkọtaya inú rẹ̀, tọkọtaya sì ni wọ́n nínú ilé pẹ̀lú. Lọ́dún 1952, Lucille lóyún. Láyé ìgbà yẹn, bí oyún òṣèré bá ti yọ, àfi kí wọ́n fi í pamọ́ sẹ́yìn àga tàbí kí wọ́n dá eré dúró. Àwọn méjèèjì kọ̀, wọ́n ní oyún náà yóò wọ inú eré. CBS, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń gbé eré náà jáde, gbà wọ́n láàyè, ṣùgbọ́n wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni pe oyún ní oyún lójú agbo. Wọ́n ní kí wọ́n máa sọ pé àwọn ń retí ọmọ. Wọ́n tún wá àlùfáà ìjọ Àgùdà kan, pásítọ̀ kan àti olórí ẹ̀sìn àwọn Júù kan tó ń ka ìwé eré náà kí wọ́n tó ya á, kí ohun àlèébù kankan má baà wọ inú rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ò rí i pé kì í ṣe àwa nìkan ló ń fi ọ̀rọ̀ oyún bò? Tiwa, ẹ̀rù ọ̀tá ló ń bà wá. Aboyún lè pé oṣù mẹ́rin kí aládùúgbò tó gbọ́, a ó kàn ní ó ti fẹ́ra kù, a ó sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ìtìjú ni tiwọn. Síbẹ̀ ibi kan náà ni ọ̀nà méjèèjì já sí: ohun tí a kò gbọdọ̀ sọ lójú agbo, ó ṣòro kí á kọ́ ẹnikẹ́ni nípa rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ 19 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1953, Lucy, ẹni tí Lucille ń ṣe nínú eré náà, bímọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Lucille náà bí ọmọkùnrin nílé ìwòsàn, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù 44 ènìyàn ló wo eré náà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n búra fún Eisenhower gẹ́gẹ́ bí ààrẹ Amẹ́ríkà, àwọn tó wo ìyẹn kò ju mílíọ̀nù 29 lọ.

Kí ló wà nínú abala náà tó fa irú èrò bẹ́ẹ̀? Ọkọ Lucy, tó ń jẹ́ Ricky, àti àwọn aládùúgbò wọn, Fred àti Ethel, ti fara balẹ̀ ṣe ìdánrawò bí wọn yóò ṣe gbé aboyún lọ. Ẹnì kan ni yóò tẹ dókítà láago, ẹnì kan ni yóò gbé àpótí aṣọ, ẹnì kan ni yóò di ìyá ọmọ mú. Wọ́n ṣe é, ó gún régé. Àfìgbà tí Lucy yọ lẹ́nu ọ̀nà iyàrá, tó fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ pé ó ti tó àkókò. Gbogbo ètò dàrú! Àpótí tú, aṣọ fọ́n sílẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sáré jáde, ó sì kù díẹ̀ kí wọ́n gbàgbé aboyún sílé.

Ẹ wo ẹni tí wọ́n fi ń ṣẹ̀rín níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi aboyún ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbẹ̀rù ọkọ àti ti aládùúgbò ni wọ́n gbé síta. Bàbá tó jókòó sílé tó ń wò ó rí ara rẹ̀ níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé kò yẹ kí òun ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tòun. Àwọn Yorùbá ní ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ohun tí ì bá bí ìyàwó nínú bó bá sọ ọ́ lójú ọkọ rẹ̀, eré sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó bínú.

Láti ìgbà náà, àwọn aláwọ̀ funfun ti ṣe irú eré yìí lóríṣiríṣi. Lọ́dún 2007, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABC gbé Notes from the Underbelly jáde, tọkọtaya tó ń retí ọmọ àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn ni gbogbo eré náà dá lé. Lọ́dún 2015, Sharon Horgan àti Rob Delaney ṣe Catastrophe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nípa ọkùnrin àti obìnrin tí wọn kò tíì mọra dáadáa tí oyún fi dé. N kò ní kí ẹ lọ máa wò wọ́n. Ohun tó wà nínú wọn tí kò bá ìwà wa mu kò kéré. Ohun tó wù mí nínú wọn ni pé wọn kì í fi ìsọmọlórúkọ parí ìtàn.

Eré tiwa

Àwa kò gbẹ́yìn nínú tẹlifíṣọ̀n. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, nígbà tí Àkókó wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Òun ni wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Kò pẹ́ tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, fi kó àwọn Aláwàdà rẹ̀ dé ibẹ̀, tòun ti aago ràgàjì tó máa ń gbé kọ́rùn. Lọ́dún 1968, The Village Headmaster dé, eré tí Ṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀. Amaka Igwe fún wa ní Fuji House of Commotion, ilé olóyè kan tí ìyàwó àti ọmọ kún bámú. Wálé Adénúgà gbé Papa Ajasco jáde láti inú ìwé àwòrán rẹ̀, Ikebe Super. Láti ọdún 2010, Africa Magic ní ìkànnì tó jẹ́ ti Yorùbá gédégédé. Lóde òní, lórí fóònù, apanilẹ́rìn-ín tó ń jẹ́ Taaooma nìkan á ṣe ìyá, á ṣe ọmọ, á tún ṣe bàbá.

Bí mo ti wo àwọn eré wọ̀nyí tó, ohun kan ni mo ń rí. Ọmọ inú wọn ti máa ń rìn, ó ti máa ń fèsì, ó ti tó gbá létí. Ìkókó ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Nínú fíìmù wa, obìnrin á kọ́kọ́ máa sunkún àìrọ́mọbí, ìyá ọkọ á máa yọ ọ́ lẹ́nu, orogún á máa wá ọ̀nà ibi. Oyún á wá dé. Lẹ́yìn èyí, a ó gbọ́ igbe lẹ́yìn ilẹ̀kùn, a ó gbọ́ ẹkún ọmọ, agbẹ̀bí á yọjú pé "Ẹ kú ewu ọmọ!" Ohun tí a ó tún rí ni àwo oyin, iyọ̀, obì, orógbó, aṣọ ẹbí àti onílù. Ó parí. N kò bá ayọ̀ náà wí. Ẹni tó bá mọ ohun tí àbíkú fi ojú àwọn ìyá wa rí yóò mọ̀ pé ayọ̀ ọjọ́ kẹjọ kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí onílù ti lọ tán, tí ìkókó ń ké láago méjì òru, tí ọmú ìyá rẹ̀ le bí òkúta, tí bàbá kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí, kò sí kámẹ́rà níbẹ̀ mọ́.

Ẹni tí kò sí ní kíláàsì

Ẹ bá mi dé ilé ìtọ́jú aboyún láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò. Àwọn ìyá jókòó lórí bẹ́ǹṣì, káàdì lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì dúró níwájú, ó ń kọ orin, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń sọ àmì ewu fún wọn: ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣú, ẹsẹ̀ àti ojú tó wú, ọmọ inú tí kò yí mọ́. Ẹ̀kọ́ tó péye ni. Ọkọ ńkọ́? Ó wà lóko, ó wà níbi iṣẹ́, tàbí kó wà níta lórí ọ̀kadà tó fi gbé ìyàwó wá. Ìyá ọkọ wà nílé, ó ń se àgbo. Bí ìrọbí bá wá mú aboyún lóru, ta ni owó ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ta ni yóò sọ pé kí á ṣì ní sùúrù di àárọ̀? Àwọn tí kò gbọ́ ẹ̀kọ́ náà ni.

Ìpínlẹ̀ Òǹdó wa yìí mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Lọ́dún 2009, ìjọba Dókítà Olúṣẹ́gun Mímíkò, gómìnà ìgbà náà, bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Wọ́n jókòó, wọ́n bi ara wọn léèrè ohun tó ń pa aboyún, wọ́n sì rí i pé ìdádúró ni: kí ẹbí tó pinnu láti lọ, kí wọ́n tó rí ọkọ̀ dé ibẹ̀, kí ẹni tó yẹ tó dá wọn lóhùn ní ilé ìwòsàn, àti kí wọ́n tó gbé wọn lọ sí ibi tó tóbi jù bí ọ̀ràn bá le. Wọ́n fún aboyún ní fóònù, wọ́n yan òṣìṣẹ́ ìlera tí yóò máa bẹ̀ wọ́n wò nílé. Lọ́dún 2010, ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ṣí ní Àkúrẹ́. Lọ́dún 2014, wọ́n dá ètò Agbẹ̀bíyẹ̀ sílẹ̀ láti fa àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ mọ́ra, kí wọ́n máa darí aboyún sí ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, kí wọ́n sì rí èrè gbà lórí rẹ̀.

Fóònù àti ọkọ̀ lè wo ìdádúró kejì sàn. Ilé ìwòsàn tó ní òṣìṣẹ́ tó péye lè wo ẹ̀kẹta. Ti àkọ́kọ́ ńkọ́, èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nínú pálọ̀, láàárín ọkọ, ìyàwó àti ìyá ọkọ? Kò sí ọkọ̀ tó lè gbé ìyẹn. Ẹ̀yin tó ń gbé Àjọwá, ẹ̀yin ará Gèdègédé, ẹ mọ bí ọ̀nà ti rí lóru kí ènìyàn tó já sí Òkè-Àgbè níbí, kó tó wá dé ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìkàrẹ́. Wákàtí kan tí a fi jiyàn nílé, ẹ̀mí lè wà nínú rẹ̀. Pálọ̀ náà sì ni tẹlifíṣọ̀n wà. Ibẹ̀ nìkan ni ọkọ, ìyàwó àti ìyá ọkọ ti ń jókòó pọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n sí ìpàdé. Mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé abala kan tó bá fi àríyànjiyàn ààjìn yìí pa wọ́n lẹ́rìn-ín lè gba ẹ̀mí là.

Ohun tó wà lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ

Ibí ló dùn mí jù, ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ẹ wo ìyá àgbà tó wá bá ìyá ìkókó wẹ ọmọ. Ó jókòó sórí àpótí, ó ká ìró sókè, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó tẹ́ ọmọ dojú bolẹ̀ sórí ojúgun rẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ń rú nínú abọ́, ọṣẹ dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànìnkànìn. Ó ha ẹ̀yìn ọmọ, ó na apá, ó fa ẹsẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mú orí kí ó lè rí róbótó, ó fi ìka méjì rọra fún imú kí ó lè ga. Ó wá di ọmọ mú labíyá, ó jù ú sókè, ó hán an, ó tún jù ú, kí ojora má baà máa mú ọmọ. Bàbá ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ ìnura lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ń bá ọmọ lọ sókè, ó ń bá a bọ̀ wálẹ̀.

Ta ni yóò wo ìyẹn tí kò ní rẹ́rìn-ín? Ọ̀rọ̀ gidi sì kún inú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì á ní kí ìyá àgbà má ju ọmọ mọ́, kí ohunkóhun má kan ìwọ́ tí kò tíì já bí kò ṣe oògùn tí wọ́n fún wọn. Ìyá àgbà á béèrè pé ta ló wẹ ìwọ nọ́ọ̀sì nígbà tí wọ́n bí ọ. Ìyá ọmọ wà láàárín àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ omi náà tún ń bọ̀. Àjọ ìlera àgbáyé ní ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù mẹ́fà, kó má tọ́ omi wò rárá. Nínú ooru oṣù kẹta, ní Àkókó, ẹ wá sọ fún ìyá àgbà pé òùngbẹ kò gbẹ ọmọ! Ó ti fi ọwọ́ rọ ọmọ mẹ́jọ lágbo, gbogbo wọn ló yè. Ẹni tó bá fẹ́ kọ eré kò tún ní nǹkan mìíràn láti wá. Kí ó ṣáà fi ọ̀wọ̀ wọ ìyá àgbà. Bó bá sọ ọ́ di òmùgọ̀, gbogbo ìyá àgbà tó ń wò ó yóò pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀kọ́ náà yóò sì bá a kú.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára náà wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ ni ó ti yẹ kó gba ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, ti rọpárọsẹ̀ àti ti àrùn mẹ́dọ̀wú. Yóò padà lọ bó bá pé ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14, yóò sì gba ti èéyi àti ibà pọ́njú ní oṣù 9. Ọmọ á ké mọ́jú lálẹ́ ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́, ara rẹ̀ á gbóná, bàbá á ní wọn kò gbọdọ̀ gbé ọmọ òun lọ mọ́. Bí káàdì ṣe ń di ohun ìgbàgbé sábẹ́ ìbùsùn nìyẹn.

Ohun kan wà tí a kì í sọ sókè. Àwọn baba wa mọ àbísínwín, wọ́n mọ̀ pé ìbímọ lè da orí obìnrin rú. Ṣùgbọ́n èyí tí kò pariwo ńkọ́? Ìyá tó jókòó ti ọmọ tí kò lè gbé e, tó ń sunkún láìmọ ìdí, tí oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu. A ó ní ó ya ọ̀lẹ, a ó ní kò mọ oore Ọlọ́run. Àìsàn ni, ìtọ́jú sì wà fún un. Bí eré kan bá fi obìnrin tí gbogbo wa ti fẹ́ràn hàn wá nínú irú ipò yìí, láìfi í ṣẹ̀fẹ̀, ọkọ kan lè wo ìyàwó tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ti àwọn bàbá, ìjọba ti ń mọ̀ pé ọmọ kì í ṣe ti ìyá nìkan. Lọ́dún 2014, ìpínlẹ̀ Èkó fún ọkùnrin òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá bí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ. Lọ́dún 2021, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ 14. Àgbẹ̀ àti oníṣòwò kò sí nínú ìyẹn, mo mọ̀. Àmọ́ kí ni bàbá ń fi ọjọ́ 14 ṣe? Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ rí. Ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ó yẹ kí ojú bàbá wà lára igba náà. Bàbá tó ń pọn ọmọ kiri àgbàlá lóru, tí kò mọ bí a ti ń so ọ̀já, tí ọmọ ń yọ̀ lọ lẹ́yìn rẹ̀, tó ń pe ìyá rẹ̀ ní ìlú Ọ̀kà lórí fóònù kó kọ́ òun: èyí nìkan tó abala kan.

Eré tí mo fẹ́ kí ẹ kọ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ má retí Èkó. Ẹ ní ẹgbẹ́ eléré nínú ilé ẹ̀kọ́ yìí, ẹ sì ní fóònù tó lè ya fíìmù. Ẹ kọ abala márùn-ún, kí èyíkéyìí má ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Kí àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹsàn-án, nígbà tí wọ́n ń dá àga tí wọ́n háyà padà. Ẹ jẹ́ kí tọkọtaya náà jẹ́ ará ibí: olùkọ́ àti aránṣọ, tàbí àgbẹ̀ kòkó àti nọ́ọ̀sì. Ẹ fi Yorùbá kọ ọ́, kí ẹ sì tún fi èdè abínibí ìlú mẹ́rin tí ó para pọ̀ di Òkè-Àgbè ṣe é, àwọn èdè tí àwọn onímọ̀ kà mọ́ ìdílé kan náà pẹ̀lú ti ìlú Arigidi. Ìyá tó ń rọbí kì í fi èdè ìwé pariwo.

Kí ẹ tó ya á, ẹ fún ènìyàn mẹ́ta kà: nọ́ọ̀sì kan, ìyá àgbà kan àti bàbá kan tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún kan. Bí nọ́ọ̀sì bá ní kò tọ̀nà, ẹ tún un kọ. Bí ìyá àgbà bá ní ẹ kò fi ọ̀wọ̀ wọ òun, ẹ tún un kọ. Bí bàbá náà kò bá rẹ́rìn-ín, ẹ tún un kọ pátápátá. Kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ wá bá wọn sanwó iná àti ẹ̀rọ, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Àkúrẹ́. Ẹ lè ṣe é níbí kan náà, nínú gbọ̀ngàn yìí, lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan tí àwọn ọkùnrin kò ní lọ sóko.